Kò Sí Ẹni Tó Ń Gbowó Omi Lẹ́nu Ọ̀nà
Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ayálégbé ní Harburg

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Harburg, Heimfeld, Hausbruch, Neugraben, Moorburg, Francop, Neuenfelde, Cranz àti Neuland la kọ ìwé yìí fún. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé àwọn tó ń wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ páìpù omi sábà máa ń dé nígbà tí owó ti jáde lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, bó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo lẹ ráyè kà, ẹ ka apá kìíní.

1. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn

Òfin omi mímu ilẹ̀ Jámánì, Trinkwasserverordnung ti ọdún 2023, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ páìpù òjé kúrò nínú ilé, tàbí kí wọ́n dí i pa. Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2026 ni gbèdéke rẹ̀. Òjé yìí ni lẹ́tà onílé ń pè ní Blei. Páìpù rẹ̀ ni Bleileitung. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn gbájúẹ̀ ń fi ṣọjà. Wọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á gbé fáìlì dání, wọ́n á ní ìjọba ló rán àwọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀nà kìíní: “Páìpù ti bẹ́ nílé kejì, ẹ jẹ́ ká yẹ tiyín wò.” Ọ̀kan á mú yín lọ sí balùwẹ̀, á ní kí ẹ ṣí omi, kí ẹ dúró tì í. Omi á máa ya, etí yín kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹnìkejì rẹ̀ á gba ẹnu ọ̀nà tí a kò tì wọ yàrá. Kí ẹ tó jáde, góòlù àti owó àjọ ti bá a lọ.

Ọ̀nà kejì: “Òjé ni páìpù yín. Ẹ san owó àyẹ̀wò báyìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó san owó ìtanràn.” Wọ́n á já rìsíìtì fún yín. Rìsíìtì ọ̀hún kò wúlò níbì kankan.

Ọ̀nà kẹta ló ń mú àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Wọ́n á bu omi ẹ̀rọ yín sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n á ti irin méjì tó ń lo iná mànàmáná bọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ tí omi náà á fi pọ́n, tí á dàrú bí omi àgbàrá. “Ẹ wo ohun tí ẹ ń fún ọmọ mu!” Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé fílítà olówó gọbọi jáde. Ẹ̀tàn ni. Iná yẹn ló ń jẹ irin náà, ìpẹtà irin ọ̀hún ló sì ń pa omi láró. Omi mímu tó dára gan-an á pọ́n bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò sì lè fi òjé hàn rárá.

A ń tún un sọ, ẹ má bínú:

Òṣìṣẹ́ omi tòótọ́ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Kì í béèrè káàdì báńkì. Kì í ta fílítà.

Bí iṣẹ́ bá wà láti ṣe nínú ilé, onílé tàbí Hausverwaltung, àwọn tó ń bá a bójú tó ilé, á kọ lẹ́tà ṣáájú, tàbí kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé.

Ẹ béèrè káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà onílé yín. Ẹ má pe nọ́ńbà tí àlejò náà fún yín. A mọ̀ pé nílé wa, a kì í jẹ́ kí àlejò dúró síta. Níbí, òṣìṣẹ́ gidi mọ̀ pé ẹ ó ti ilẹ̀kùn, á sì dúró. Ẹni tó bá ń bínú nítorí pé ẹ ní kó dúró, ẹ má ṣí fún un. Bó bá ń fi agídí wọlé, ẹ pe ọlọ́pàá ní 110.

Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ tó máa ń ṣáájú yín dé láti ilé ìwé. Ẹ sọ ọ́ fún màmá tó wá wẹ ọmọ fún yín láti ilé: òun ló ń wà nílé lọ́sàn-án, òun ni kò gbọ́ èdè Jámánì, òun ló sì ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá wọ aṣọ iṣẹ́.

Bí ẹ bá ti ra fílítà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti dá ohun tí ẹ rà lẹ́nu ọ̀nà padà, láìsọ ìdí. Ọjọ́ tí ọjà dé ọwọ́ yín ni kíkà náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ kò rà á mọ́. Widerruf ni orúkọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń wá bá wa ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ojú ti ẹni tó ta á. Bí ọjọ́ 14 bá ti kọjá, ẹ ṣì mú ìwé náà wá: bí olùtajà kò bá sọ ẹ̀tọ́ yìí fún yín, àkókò náà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ta ló ni páìpù?

Láti abẹ́ títì wá títí dé ibi tí wọ́n ti ń ti omi gbogbo ilé pa, ilé-iṣẹ́ omi ló ń tọ́jú rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ẹ̀rọ ilé ìdáná yín, onílé ló ni ín. Ayálégbé kò ní páìpù kankan láti pààrọ̀. Onílé ni wọ́n fún ní gbèdéke, òun náà ni yóò pe oníṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá béèrè fọ́ọ̀mù tí ayálégbé á fi pààrọ̀ páìpù: kò sí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà ni lẹ́tà. Ẹ kọ sí onílé, kí ẹ béèrè bóyá páìpù òjé wà nínú ilé náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fi ẹnu lásán béèrè, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Bó bá mọ̀ pé ó wà, òfin ní kó sọ fún yín. Bí kò bá dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà náà lọ sí Gesundheitsamt, ọ́fíìsì ìlera ìjọba.

Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ọdún 1973 kì í ní páìpù òjé. Bí ilé yín bá jẹ́ tuntun, ẹ fọkàn balẹ̀.

Bí orúkọ yín kò bá sí lórí ìwé ilé, tó jẹ́ pé ẹnìkan ló gbà yín sí yàrá kan, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kọ lẹ́tà náà. Bí onílé bá fẹ́ fi owó páìpù kún owó ilé, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi rí Mieterverein zu Hamburg, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn, tàbí ÖRA, níbi tí ẹni tówó rẹ̀ kò tó nǹkan ti ń rí ìmọ̀ràn òfin ní owó kékeré.

3. Òjé kò ní àwọ̀

Òjé yìí náà ni àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Ó rọ̀, ó rọrùn láti tẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ará àtijọ́ fi ń fi ṣe páìpù. Ṣùgbọ́n bí omi bá sùn sínú rẹ̀ mọ́jú, òjé á yọ́ sínú omi.

Àṣìṣe tó ń wọ́pọ̀ níwájú wa nìyí: ẹni tí omi rẹ̀ pọ́n ń sáré wá, ẹni tí omi rẹ̀ mọ́ gaara jókòó sílé. Omi tó pọ́n, ìpẹtà irin ló sábà máa ń jẹ́. Ó máa ń yọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lórí páìpù títì. Ẹ jẹ́ kó ṣàn títí á fi mọ́, ẹ má sì fọ aṣọ funfun nígbà náà. Òjé kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn.

Àṣìṣe kejì ni ti sísè. Nílé, omi kànga tí a bá sè ti di omi mímu, èyí tí a bá fi álọ́ọ̀mù sí á sì tòrò. Kòkòrò ni sísè ń pa. Òjé kì í ṣe kòkòrò. Bí omi bá ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni òjé inú èyí tó kù ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù nínú garawa kò ní gbà yín lọ́wọ́ òjé páìpù.

Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́ jù. A kò tíì gbàgbé Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí òjé inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa góòlù ti pa àwọn ọmọ tó ju 400 lọ. Ti páìpù kò pọ̀ tó yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé sára, láìsí àmì. Ìwọ̀n tí òfin gbà báyìí ni 0.010 mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2028, yóò di 0.005.

Ẹ wo páìpù tó wà nítòsí míta. Páìpù òjé rí bí eérú, ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á, á dán bíi fàdákà. Bí ẹ bá gbá a, ìró rẹ̀ á kú. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbà pọ́n. Irin máa ń fa mágínẹ́ẹ̀tì.

Bí òjé bá wà, títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀: aboyún, ọmọ ọwọ́ àti ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ mu omi ẹ̀rọ náà. Omi inú ìgò ni kí ẹ fi po mílíìkì àti ògì wọn. Àwọn yòókù, kí ẹ jẹ́ kí omi ṣàn títí á fi tutù dáadáa kí ẹ tó bù ú. Ẹ má fi omi gbígbóná inú ẹ̀rọ se oúnjẹ. Wíwẹ̀ àti fífọ aṣọ kò léwu.

Ẹ má gbé omi wá fún wa nínú ìgò Fanta. A kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò tí ìjọba fọwọ́ sí á fún yín ní ìgò tirẹ̀, á sì sọ wákàtí tí omi gbọ́dọ̀ fi sùn sínú páìpù.

4. Kànga inú ọgbà

Ẹ̀yin ará Moorburg, Francop, Neuenfelde, Cranz àti Neuland, ilẹ̀ àbàtà lẹ wà. Ìdí kànga kò jìn síbi tí ìdọ̀tí wà. Ẹ fi omi rẹ̀ rin ewébẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Gesundheitsamt, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹ má so páìpù kànga mọ́ páìpù ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó mọ́tò ránṣẹ́ sílé, ẹ má da ọ́ìlì sílẹ̀. Hamburg kò mu omi odò Elbe mọ́ láti ọdún 1964. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo wa ń mu, abẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí sì ni wọ́n ti ń fà á ní Süderelbmarsch àti Bostelbek.

5. Bí odò bá kún

Ní òru ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1962, Deich, òkìtì tí wọ́n fi ń dènà odò, já, omíyalé sì pa ènìyàn 315 ní Hamburg. Ẹ fi NINA, áàpù tó ń kéde ìkìlọ̀ ewu, sórí fóònù yín. Ẹ tọ́jú lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Kànga tí omíyalé bá dé ẹnu rẹ̀, ẹ má mu ún títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

6. Kí ẹ tó wá bá wa

Ẹ mú ìwé ilé yín, ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ sí onílé, fọ́tò páìpù, àti ìwé yòówù tí ẹ bá fọwọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí ọjà dé sẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ méjèèjì yẹn la ó kọ́kọ́ béèrè.