Ìfìwàwẹ̀dá Lórí Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí ó Fẹ́ Di Oníṣẹ́ Àwòrán Ẹlẹ́mìí

1. Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé èmi, tí iṣẹ́ mi jẹ́ ti lámèyítọ́ lítíréṣọ̀, ni mo dìde láti sọ̀rọ̀ lórí àwòrán tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nínú ẹ̀ka-ìmọ̀ wa, bí òǹkọ̀wé bá dá ẹnì kan sínú ìtàn, tí ó sì jẹ́ kí a mọ irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́, ìfìwàwẹ̀dá ni a ń pè é. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: fífi ìwà wọ ẹ̀dá. Ẹ̀dá ti wà nílẹ̀ ná. Ìwà ni a wá fi wọ̀ ọ́, bí ìgbà tí a bá wọ ẹ̀wù fún ọmọ. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí mu ju èyí lọ.

Iṣẹ́ náà ni èyí tí àwọn ọmọdé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní katúùnù. Nínú ìwé yìí, n ó máa pè é ní àwòrán ẹlẹ́mìí, nítorí pé ẹni tí ń ṣe é a máa mú ohun tí kò ní ẹ̀mí, a sì máa ṣe é títí ojú wa yóò fi gbà pé ó ní. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wá bá mi nítorí iṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi mí: irú kọ̀ǹpútà wo ni kí àwọn rà? Ohun tí mo fẹ́ fi yé wọn, tí mo sì fẹ́ fi yé ẹ̀yin náà, ni pé ẹ̀rọ kì í fi ìwà wọ ẹ̀dá. Ènìyàn ni í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú tí ó ti kọ́ láti wo ènìyàn ni ó sì fi ń ṣe é.

2. Bí iṣẹ́ náà ti rí

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Àwòrán tí a ń wò nínú fíìmù kò rìn rárá. Àwòrán tí ó dúró sójú kan ni wọ́n, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá. Ojú wa ni ó so wọ́n pọ̀. Nínú fíìmù, ẹyọ àwòrán 24 ni ó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó já sí 1,440 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni a fi ń yà wọ́n, ọ̀gá ayàwòrán ni yóò ya àwọn ibi tí ó ṣe pàtàkì, bí ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè àti ibi tí ó gòkè dé. Ọmọ iṣẹ́ yóò sì ya àwọn tí ó wà láàárín.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ yẹn ṣe. A ó ti kọ́ ẹ̀dá-ìtàn náà sílẹ̀ bí ère, a ó sì ti fi ohun tí ó dàbí egungun àti oríkèé sínú rẹ̀. Oníṣẹ́ yóò gbé ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ sí ipò kan ní àkókò kan, yóò tún gbé wọn sí ipò mìíràn ní àkókò mìíràn, ẹ̀rọ yóò sì wá ọ̀nà láti ti ipò kìíní dé èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá garawa omi ni ọwọ́ náà ń gbé tàbí eṣinṣin ni ó ń lé. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, bákan náà ni yóò gbé méjèèjì lọ, gẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ohun tí ó léfòó lórí omi. Òǹwòran lè má lè sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé òkú ohun ni òun ń wò.

3. Ibi tí ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Ìmọ̀ tí ó ń wo àrùn yìí sàn ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ìdí iṣẹ́ náà. Ní 1914, Winsor McCay, ará Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ya ẹranko ńlá ayé àtijọ́ kan tí ó sọ ní Gertie. Nígbà tí McCay bá ẹranko náà wí, ńṣe ni ó bú sẹ́kún. Láti 1932, ilé-iṣẹ́ Walt Disney gba olùkọ́ kan, Don Graham, láti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà Chouinard, kí ó máa kọ́ àwọn ayàwòrán wọn. Ohun tí ó kọ́ wọn ni wíwo ènìyàn alààyè àti yíyà á: bí ara ti ń gbé ìwúwo rẹ̀, bí ó ti ń yí, bí ó ti ń sinmi. Èso ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó hàn nínú Snow White and the Seven Dwarfs, tí ó jáde ní 1937. Aràrá méje ni ó wà nínú fíìmù náà, òǹwòran sì lè fi ìrìn àti ìṣe wọn mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Méjì nínú àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Frank Thomas àti Ollie Johnston, kó ohun tí wọ́n mọ̀ jọ sínú ìwé tí wọ́n pè ní The Illusion of Life ní 1981. Ìlànà méjìlá ni wọ́n là sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́ta péré níbẹ̀. Èkíní ni ìmúrasílẹ̀: ara a máa kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì ibi tí ó ń lọ. Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́, nítorí wọ́n ní bí àgbò bá tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Èkejì ni títẹ̀ àti nínà: ohun rírọ̀ a máa tẹ̀ pẹrẹsẹ bí ó bá balẹ̀, a sì máa nà bí ó bá ń sáré, ṣùgbọ́n títóbi rẹ̀ kì í dín, kì í sì í lé. Ẹ̀kẹta ni pé ìṣípòpadà a máa falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, nítorí pé kò sí ẹni tí ń kúrò lójú kan, tàbí tí ń dúró, lójijì.

Ní 1986, John Lasseter, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Disney rí, gbé fíìmù bí ìṣẹ́jú méjì kan, Luxo Jr., lọ sí àpéjọ àwọn onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà ní ìlú Dallas. Àtùpà orí tábìlì méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Wọn kò ní ojú, wọn kò ní ẹnu, wọn kò sì ní ọwọ́. Kékeré ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré. Ó fò lé e, bọ́ọ̀lù bẹ́, àtùpà kékeré sì sorí kọ́ níwájú àgbà. Lẹ́yìn fíìmù náà, Jim Blinn, ògbóǹtagí onímọ̀ nínú iṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà, wá bi Lasseter ní ìbéèrè. Lasseter rò pé ọ̀rọ̀ ìṣirò òjìji ni yóò bèèrè. Ohun tí ó bèèrè ni pé, àtùpà ńlá yẹn, ìyá ni àbí bàbá? N kò rò pé a nílò ẹ̀rí mìíràn pé ìwà ti wọ ẹ̀dá náà lára. Ní 1987, Lasseter kọ àpilẹ̀kọ kan láti fi hàn bí a ti lè lo ìlànà àwọn àgbà Disney lórí kọ̀ǹpútà. Ní 1995, ó darí Toy Story, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ àtùpà aláìlójú yìí ṣàjèjì sí àwa tí a ti wo Gẹ̀lẹ̀dé rí. Ojú tí a gbẹ́ lára igi kò lè rẹ́rìn-ín, kò sì lè sunkún. Síbẹ̀, láti inú ẹsẹ̀, èjìká àti ìbàdí ẹni tí ó gbé e, a ń mọ̀ bóyá arúgbó ni ó ń jó tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin.

4. Bí a ti ń kọ́ ọ

Ọ̀nà tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Bọ́ọ̀lù kan tí ń ta lórí ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kìíní. Akẹ́kọ̀ọ́ níláti jẹ́ kí a mọ̀, láìsọ fún wa, bóyá irin ni bọ́ọ̀lù náà tàbí rọ́bà. Èdè wa ti pín àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀: ohun tí ó wúwo a já lu ilẹ̀ gbì, ohun tí ó fúyẹ́ a balẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù a máa yára bí ó ti ń sún mọ́ ilẹ̀, a máa falẹ̀ bí ó ti ń dé òkè, ìfòsókè kọ̀ọ̀kan a sì máa rẹlẹ̀ ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá lè fi iye ẹyọ àwòrán nìkan sọ ìyàtọ̀ gbì àti fẹ́ẹ́rẹ́ ti di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà mú.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni àpò ìyẹ̀fun tí kò kún. Igun mẹ́rin ni ó ní, kò sì ní ojú. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú kí ó yọ̀, kí ó bínú, kí ó sì rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrìn. Ìrìn ṣòro ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ẹni tí ń rìn ń ṣubú síwájú ni, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kejì gba ara rẹ̀ dúró. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ fi tẹlifóònù ya ara rẹ̀ bí ó ti ń rìn, kí ó sì ka ẹyọ àwòrán tí ó wà láàárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì. Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti lè di olùkọ́ fún un. Ẹnì kan a máa yan fanda, ẹnì kan a máa rìn tìkọ̀tìkọ̀, ẹnì kan a máa yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹnì kan a máa tiro. Ìwà àti ipò ọkàn wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ràn mi ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan, kí ó ṣe é lórí ẹ̀rọ, kí ó fi han ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ó sì bèèrè irú ìrìn tí ó jẹ́. Bí ẹni náà bá dárúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ti yanjú.

Èyí tí ó ga jù ni kí ẹ̀dá-ìtàn máa ronú. Bí ènìyàn bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn, ojú ni yóò sábà kọ́kọ́ yí, kí orí tó tẹ̀lé e, kí ara tó wá yí. Oníṣẹ́ tí ó bá yí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ti yí ère. Ẹ tún wo ọmọkùnrin méjì tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí bàbá wọn. Èkíní fi àyà kanlẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀ títí bàbá fi dá a lóhùn. Èkejì fi ìka kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wà ní ẹnu-ọ̀nà kí ó tó nà ró. Bí òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ bá fẹ́ sọ èyí, yóò lo gbólóhùn kan tàbí méjì. Oníṣẹ́ wa kò ní gbólóhùn. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí í ṣe ẹyọ àwòrán 12, ni yóò fi sọ ìyàtọ̀ ọmọ méjèèjì.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí nǹkan méjì. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíìmù gígùn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí a tún ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ń kọ́ ènìyàn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a sáré ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn tí ó mọ̀ jù ú lọ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ipò ara díẹ̀ tí kò tíì dán. Ó rọrùn láti tún ipò mẹ́rin ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán iṣẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọ́. Bí ó ti wù kí abẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

5. Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé owó kò sí. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà wọ́n, iná mànàmáná sì ń ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a lè fi ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti 2002. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹ̀rọ ti wà báyìí tí a lè fi ọ̀rọ̀ lásán pàṣẹ fún, tí yóò sì gbé àwòrán tí ń rìn jáde. Èmi náà ti rí wọn. Ìbéèrè mi ni pé, ta ni yóò mọ̀ bí ẹ̀rọ náà bá ṣì í? Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀bálẹ̀ àtọkànwá àti ti ojú ayé yóò gba èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2020, fíìmù gígùn Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde ní Nàìjíríà. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Kugali àti ilé-iṣẹ́ Walt Disney jọ gbé Iwájú jáde, eré tí ó wáyé ní Èkó ọjọ́ iwájú. Ó ṣe kedere pé a ó túbọ̀ máa rí ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n wọ aṣọ wa tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ wa. Aṣọ rọrùn láti yà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ru igbá lórí, ọrùn rẹ̀ a dúró ṣinṣin, ìbàdí rẹ̀ a sì máa gba gbogbo mìmì tí orí kò gbọdọ̀ mì. Ẹni tí kò wò ó dáadáa rí yóò gbé igbá lé e lórí, yóò sì fún un ní ìrìn ẹni tí kò ru nǹkan kan. Àwọn ọmọ wa yóò wò ó, wọn yóò rí àwọ̀ ara wọn níbẹ̀, wọn kò sì ní rí ìyá wọn.

6. Ìkádìí

Ohun tí mo ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé iṣẹ́ àwòrán ẹlẹ́mìí jẹ́ ẹ̀ka kan lára ìfìwàwẹ̀dá, àti pé ìwúwo, àkókò àti èrò ni aṣọ tí a fi ń wọ ẹ̀dá náà. Nítorí náà, mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà wa pé kí wọ́n máa wá sí kíláàsì lítíréṣọ̀ àti ti eré orí ìtàgé, kí àwa olùkọ́ náà má sì ṣe lé wọn padà. Ní ti ọ̀dọ́ tí ó ń bèèrè irú kọ̀ǹpútà tí òun yóò rà, kí ó lo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Kí ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọjà fún wákàtí kan lónìí, kí ó mú ènìyàn mẹ́ta, kí ó sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.