Uttar Pradesh: Kí ló dé tí ìwé kíkọ fi ń ṣe ìdájọ́ nínú ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ India yìí?

Uttar Pradesh ni ìpínlẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jùlọ ní India. Ìlú Prayagraj ni UPPSC, àjọ tó ń yan òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, fìkàlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń gba yàrá láti kàwé.

Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò PCS wọn ní. Ní ìpele àkọ́kọ́, èèyàn yóò mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Èyí tó bá ṣì yóò jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì ìbéèrè náà. Àmọ́ wọn kì í ka máàkì ìpele yìí mọ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti yege.

Ìpele kejì, ìyẹn ìwé kíkọ, ló le jù: ìwé mẹ́jọ, máàkì 1,500. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jẹ́ 100 péré.

Láti 2023, wọ́n ti fi ìwé méjì nípa Uttar Pradesh rọ́pò iṣẹ́ tí olùdánwò ń fúnra rẹ̀ yàn. Nítorí náà, ó di dandan kó mọ ìtàn, ìjọba àti ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ náà.

Wákàtí mẹ́ta ni ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ kọ ìdáhùn dánra wò nílé lè mọ̀ ọ́n, kí àkókò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ orí kì í sì í dúró: 40 ọdún ni òpin fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí àfikún.