Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí Heathrow ṣe kọ́ ilé ìṣọ́ ọkọ̀ òfurufú tuntun láìdá iṣẹ́ dúró

Inú ilé ìṣọ́ ni àwọn adarí ọkọ̀ òfurufú ti máa ń wo gbogbo pápá, tí wọ́n sì ń sọ fún awakọ̀ ìgbà tó lè gbéra àti ìgbà tó lè balẹ̀. Ọdún 1955 ni èyí tí pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Terminal 5, ilé èrò tuntun níbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n kọ́ èyí tó ga jù ú lọ, kí ojú lè tó ibi gbogbo.

Kireni gíga kò ṣeé nà ró fún ọ̀pọ̀ oṣù níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń balẹ̀, nítorí yóò dí wọn lọ́nà, yóò sì da rédà rú. Àwọn ẹnjiníà wá to orí ilé náà, tó wúwo tó nǹkan bí 900 tọ́ọ̀nù, sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá 2004, ọkọ̀ akẹ́rù onítáyà púpọ̀ rọra gbé e sọdá pápá lọ sí ẹ̀gbẹ́ Terminal 3.

Níbẹ̀, jáàkì ńláńlá ń tì í sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti ga tó, wọ́n á ki òpó irin tó gùn tó mítà 12 bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì tún tì í sókè. Báyìí ni ilé náà ṣe ń ga láti ìsàlẹ̀, títí ó fi tó mítà 87. Okùn irin ni wọ́n fi dè é kí atẹ́gùn má baà mì ín.

Ilé àtijọ́ ń bá iṣẹ́ lọ títí di 2007 tí tuntun fi gba ipò rẹ̀.