Pupa, dúdú, búlúù, 2.5: Kí ni ohun tó wà lára wáyà iná ilé yín ń sọ?

Ká ní oníṣẹ́ iná kan wà tó kọ́ṣẹ́ ní Kùtọnu. Ó kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ nílé kan ní Àgbádárìgì. Ilé náà ti pẹ́, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti fa iná sí i. Nígbà tó ṣí àpótí tí àwọn wáyà ti pàdé, wáyà pupa, aláwọ̀ ìyeyè, búlúù àti dúdú ló bá níbẹ̀.

Níbi tó ti kọ́ṣẹ́, wáyà búlúù ni iná ń gbà padà. Wáyà dúdú sì wà lára àwọn tó ń gbé iná wọlé. Àmọ́ nínú ilé tó wà yìí, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Búlúù ló ń gbé iná wọlé, dúdú ló ń dá a padà.

Tó bá di búlúù náà mú pẹ̀lú èrò pé kò séwu, 230 fólítì ló máa gbé e.

Àwọn ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò parọ́ fún un, ẹni tó fa iná ilé náà kò sì ṣe iṣẹ́ jàńdùkú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èdè méjì ni wáyà iná ń sọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà àti Ghana jogún ti Gẹ̀ẹ́sì, Benin àti Togo sì jogún ti Faransé.

'Live', 'neutral' àti 'earth': Kí ni iṣẹ́ wọn?

Iná mọ̀nàmọ́ná kì í kàn wọlé kó jókòó. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, kó sì rí ọ̀nà padà síbi tó ti wá. Wáyà tó ń gbé e wọlé ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní 'live', ọ̀pọ̀ èèyàn sì mọ̀ ọ́n sí 'phase'. Èyí tó ń dá a padà ni 'neutral'. Ní Kùtọnu àti Lomé, 'phase' àti 'neutre' ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ìkẹta ni 'earth', tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní 'terre'. Ilẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ méjèèjì, torí pé inú ilẹ̀ gan-an ni wáyà náà ń lọ. Wọ́n á so ó mọ́ ọ̀pá tí wọ́n gbá wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé, 'earth' kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọjọ́ tí wáyà inú fìríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá bó, tí iná wá kan ara irin rẹ̀, ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó máa la ọ̀nà fún iná náà láti sá lọ, kí fíúsì tàbí bíréékà lè já kíákíá. Nínú ilé tí kò bá ní 'earth', ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan fìríìjì yẹn ni iná máa gbà dé ilẹ̀.

Àmọ́ 'earth' yìí náà ni ohun tó rọrùn jù láti yọ kúrò nínú iṣẹ́ tówó onílé bá ti ń tán lọ. Gílóòbù á tàn láìsí i, fáànù á yí, kò sì sí àlejò tó máa wọlé tó máa mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

'Neutral' náà kì í ṣe wáyà tí èèyàn lè fojú kéré. Ní àdúgbò tí àwọn ilé ti ń pín 'phase' mẹ́ta lò lábẹ́ tìránsífọ́mà kan, òun ló ń mú kí fólítì dúró sójú kan. Nǹkan bíi 230 fólítì ló wà láàárín 'phase' kan àti 'neutral', àmọ́ nǹkan bíi 400 ló wà láàárín 'phase' kan àti òmíràn.

Tí 'neutral' bá já lórí òpó, fólítì ilé kan lè lọ sílẹ̀ gan-an, kí ti ilé kejì sì ga ju 300 lọ. Ohun tí àwọn ará ilé máa rí ni pé gílóòbù á tàn yanran bí oòrùn ọ̀sán, lẹ́yìn náà á jó, tẹlifíṣọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Wọ́n á ní 'NEPA' ló gbé iná tó ga wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni orúkọ NEPA ti kúrò lórí ìwé ìjọba. Kò sì sí ohun tó ga níbi tí iná ti ń wá. Wáyà kan ṣoṣo ló já.

Kí ló dé tí búlúù fi ní ìtumọ̀ méjì?

Nínú ètò àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá, pupa ni 'live', dúdú ni 'neutral', aláwọ̀ ewé sì ni 'earth'. Tó bá jẹ́ iná onífésì mẹ́ta, pupa, aláwọ̀ ìyeyè àti búlúù ni 'phase' mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí dúdú ṣì jẹ́ 'neutral'.

Ní ti Faransé, búlúù ni ti 'neutral', aláwọ̀ ewé tó ní ilà ìyeyè sì ni ti 'earth'. Àwọ̀ yòówù tó bá kù lè jẹ́ 'phase', ìbáà ṣe pupa, dúdú tàbí búráùn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fi ètò àtijọ́ yẹn sílẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2004 ni wọ́n ti gbà kí àwọn oníṣẹ́ iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa lo àwọ̀ tuntun tó bá ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù mu. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin ọdún 2006, ó ti di dandan fún iṣẹ́ tuntun. Búráùn di 'live', búlúù di 'neutral'. Fún onífésì mẹ́ta, búráùn, dúdú àti aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń lò.

Ibẹ̀ ni ewu ti wá. Dúdú tó jẹ́ 'neutral' tẹ́lẹ̀ ti di 'phase', búlúù tó jẹ́ 'phase' ti di 'neutral'. Ká ní àwọ̀ tuntun pátápátá ni wọ́n mú wá ni, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á dúró béèrè. Àwọ̀ tí èèyàn rò pé òun mọ̀ ló ń pani.

Ní Nàìjíríà, wáyà pupa àti dúdú ṣì kún inú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ sì ni búráùn àti búlúù ló wà nínú okùn ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá. Ẹni tó bá tú orí okùn áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tó sì ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lè rí i pé ètò méjèèjì ló wà nínú yàrá kan náà.

Ṣé bí wáyà ṣe nípọn tó ni '2.5' túmọ̀ sí?

Rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò nìyẹn, torí pé 'tú pọ́íǹtì fáìfù' lásán ni wọ́n máa ń sọ ní ọjà Alaba l'Éko, tí wọ́n á sì fi 'mm' sí i nígbà míì.

Tí wọ́n bá gé wáyà náà, ojú bàbà tó hàn níbi tí wọ́n ti gé e ni wọ́n ń wọ̀n. 2.5 túmọ̀ sí pé fífẹ̀ ojú bàbà yẹn jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin méjì àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ bàbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìnípọn rẹ̀ kò ju mílímítà 1.78 lọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ méje ni wọ́n lọ́ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó 0.67.

Nítorí náà, ẹni tó fi irinṣẹ́ wọn bàbà tó rí 1.78, tó wá ń pariwo pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, kò rí ìrẹ́jẹ kankan. Ẹni tó bá rí 1.4 ló ní ẹjọ́, torí 1.5 ni wọ́n tà fún un.

Lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ iná Kùtọnu, '2,5 carré' ni orúkọ rẹ̀. 'Carré' túmọ̀ sí onígun mẹ́rin. Orúkọ tiwọn ṣì di ìtumọ̀ náà mú, ti Èkó ti gbé e jù sọ́nà.

Àwọn àgbà oníṣẹ́ iná ní Nàìjíríà tún ní orúkọ míì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀: '3/029' àti '7/029'. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni iye ẹyọ bàbà tó wà nínú wáyà. Èkejì ni ìnípọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún kan ínǹṣì. Tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ sí òṣùwọ̀n òde òní, 3/029 fẹ́ẹ̀ tó 1.3, 7/029 sì sún mọ́ 3.

Iṣẹ́ wo ni wáyà kọ̀ọ̀kan wà fún?

Lọ́pọ̀ ilé, 1.5 ni wọ́n fi ń fa iná gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, 6 fún sítóòfù oníná. Èyí tó ti ara mítà wọlé máa ń jẹ́ 10 tàbí 16, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí ni ooru. Bí iná tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Kẹ́túlù oníná tó jẹ́ 2,000 wáàtì àti áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì, tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ pọ̀, máa fa nǹkan bíi áńpì 13. Òpin agbára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ 0.75 ni wọ́n fi ṣe ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ki méjèèjì bọ̀, okùn náà kò yẹ kó gbé ju áńpì 6 lọ. Rọ́bà rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, kó tó gbiná. Bíréékà lè má já, torí wáyà ara ògiri ni wọ́n fi bíréékà ṣọ́, wọn kò fi ṣọ́ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi wáyà rẹ́ni jẹ?

Ọ̀nà kan ni kí wọ́n dín bàbà kù, kí wọ́n sì mú kí rọ́bà nípọn, kí wáyà 1.5 lè jọ 2.5 lójú. Ọ̀nà kejì léwu jù ú lọ. Alumíníọ̀mù ni wọ́n ń lò, wọ́n á wá fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan búburú. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ wáyà orí òpó, nítorí pé ó fúyẹ́. Àmọ́ nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá agbára bàbà ló ní láti gbé iná. Èyí túmọ̀ sí pé wáyà ayédèrú tí wọ́n kọ 2.5 sí lára kò ní lè ṣe ju iṣẹ́ 1.5 lọ. Ó tún máa ń dẹ̀ lábẹ́ ṣọ́ọ́bù, ibi tó bá sì ti dẹ̀ ló ti máa ń gbóná.

Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Bí wọ́n bá ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí inú rẹ̀ funfun, kì í ṣe bàbà. Bí ó ṣe wúwo tó náà ń sọ̀rọ̀, torí pé bàbà tó wà nínú 100 mítà wáyà 2.5 yẹ kó tó kílógíráàmù méjì àti díẹ̀. Kí oníbàárà tún wò ó bóyá 100 mítà ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí 100 yáàdì, nítorí 100 yáàdì kò ju mítà 91 àti díẹ̀ lọ.

Wáyà wà lára ìwọ̀nba ọjà tí oníbàárà ní Nàìjíríà máa ń béèrè bóyá ilé wa níbí ni wọ́n ti ṣe é, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ń wá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ náà. Ọdún 1982 ni iléeṣẹ́ Cutix bẹ̀rẹ̀ ní Nnewi, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Àjọ SON ló ń fún ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní àmì MANCAP, èyí tó túmọ̀ sí pé ó bá òṣùwọ̀n mu.

'450/750V' ńkọ́?

Rọ́bà ara wáyà ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ nípa rẹ̀. Ó ń sọ pé rọ́bà náà lè fara da 450 fólítì láàárín bàbà àti ilẹ̀, àti 750 láàárín wáyà kan àti ìkejì. Kò sọ pé wáyà náà lè gbé ẹrù tó pọ̀. Wáyà 1.5 àti wáyà 16 lè ní 450/750V lára.

'PVC' ni irú rọ́bà náà, èyí tó sábà máa ń fara da ooru tó tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. 'XLPE' máa ń fara dà á dé 90. Èyí tó ní irin yí ara rẹ̀ ká, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ láti òpó wá sílé, ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní 'armoured', 0.6/1kV ló sì sábà máa ń wà lára tirẹ̀.

Kí ló yẹ kí oníṣẹ́ iná tó wà l'Ágbádárìgì ṣe?

Kó pa iná láti ibi tó ti wọlé, kó sì fi ẹ̀rọ wọn wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kàn án, ohun yòówù tí àwọ̀ rẹ̀ ì báà máa sọ. Ní Nàìjíríà, àjọ NEMSA ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò tó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Onílé lè béèrè ìwé náà kó tó gbé iṣẹ́ jáde.

Tó bá jẹ́ pé wáyà tuntun ló fẹ́ so mọ́ ti àtijọ́, kó lẹ bébà tàbí téèpù mọ́ orí wáyà méjèèjì, kó kọ 'phase' tàbí 'neutral' síbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti máa ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara àpótí iná ilé tó bá ní àwọ̀ méjèèjì, kí ẹni tó máa ṣí i lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè mọ̀ kó tó na ọwọ́.