Wáyà Kan Kì í Gba Àṣẹ Méjì

Ẹni tó ń kọ́lé sí Arimogija kì í pe ìpàdé lórí owó iná. Oníṣẹ́ iná á wọlé, á ka pọ́ìntì: ibi tí gílóòbù máa wà, ibi tí fáànù máa wà, ibi tí wọ́n á ti máa fi iná sí fóònù. Ó ní iye tó ń gbà lórí pọ́ìntì kan. Ẹ ó ṣírò rẹ̀ pọ̀, ẹ ó ná an díẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ìbáà jẹ́ iná BEDC, ìbáà jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀, bó bá ti wọlé, kò sí yàrá tí a kò lè yà á sí. Gílóòbù pálọ̀ kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ti ilé ìdáná kó tó tàn.

Ojú yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo iṣẹ́ díìṣì. Bàbá onílé á pe ọmọkùnrin tó ń ṣe é: "Ṣebí díìṣì ti wà lórí òrùlé, dikódà kejì sì nìyí. Bá mi ya wáyà yẹn sí yàrá ìyá àgbà. Èló lo máa gbà?" Bí ọmọ náà kò bá mọṣẹ́ dénú, tàbí tí kò fẹ́ já bàbá kulẹ̀, á ra splitter kékeré kan lọ́jà, á fi la wáyà náà sí méjì, á gbowó, á lọ. Ó di alẹ́. Bọ́ọ̀lù ń lọ ní pálọ̀, ìyá àgbà yí tirẹ̀ sí Africa Magic Yoruba, àwòrán ọ̀kan nínú méjèèjì sì pòórá. Ẹjọ́ dé nìyẹn. Wọ́n á ní wáyà kò dáa, wọ́n á ní dikódà ti bàjẹ́, wọ́n á tún ra òmíràn.

Ẹ wo díìṣì DStv èyíkéyìí láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, ìlà oòrùn ni gbogbo wọn kọjú sí. Sátẹ́láìtì tó ń gbé e fún wa wà lójú ìlà 36 ní ìlà oòrùn, lókè ilẹ̀ Kenya, ó sì fi bíi 36,000 kìlómítà ga ju ilẹ̀ lọ. Ohun tó ń ti ibẹ̀ dé òrùlé wa kò lágbára rárá. Díìṣì ló ń kó o jọ sẹ́nu LNB, ìyẹn ohun kékeré tó wà lórí apá tó nà síwájú rẹ̀. Apá méjì ni àwọn ìkànnì pín sí bí wọ́n ṣe ń bọ̀ látòkè: apá kan ń bọ̀ lóòró, èkejì ń bọ̀ níbùú. Ẹnu LNB kan kì í fi méjèèjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló wá ń yan èyí tó máa bọ́ sílẹ̀? Dikódà ni. Bí ìyá àgbà bá tẹ rìmóòtù, dikódà rẹ̀ á fi iná díẹ̀ gba inú wáyà kan náà gòkè lọ. Bó bá jẹ́ fólítì 13, LNB á gbé ti òòró wá. Bó bá jẹ́ 18, á gbé ti ìbú wá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ díìṣì ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ gílóòbù. Gílóòbù kì í pàṣẹ fún BEDC. Ṣùgbọ́n nínú wáyà díìṣì, àwòrán ń sọ̀ kalẹ̀, àṣẹ ń gòkè. Bí dikódà méjì bá wà lórí wáyà kan, tí ọ̀kan ń bèèrè 13, tí èkejì ń bèèrè 18, 18 ló máa borí, tẹlifíṣọ̀n ẹni tó bèèrè 13 á sì ṣófo.

Nítorí náà, yàrá mẹ́ta tó fẹ́ dá wo tirẹ̀ fẹ́ wáyà mẹ́ta láti orí òrùlé, àti LNB tí ẹnu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ owó wáyà di ìlọ́po, kì í ṣe ojúkòkòrò oníṣẹ́. Àwọn dikódà Explora, tó jáde ní 2013, ní LNB tiwọn tó lè fi wáyà kan jẹ́ ju iṣẹ́ kan lọ, àmọ́ LNB náà kì í ṣe èyí tí ẹ bá níta tẹ́lẹ̀, ẹ ní láti rà á.

Owó tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà lọ́jọ́ tí wọ́n ń so díìṣì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni: díìṣì, LNB, wáyà, dikódà, owó iṣẹ́. Èyí tí kì í tán ni ti oṣooṣù. Ní oṣù kẹta 2025, owó oṣù ètò Compact ti DStv di ₦19,000, ti Premium sì di ₦44,500. Ní iye yẹn, ẹni tó bá ń san Compact lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí dikódà méjì ń san ₦38,000 lóṣù, ₦456,000 lọ́dún, ẹni náà sì lè ti bá oníṣẹ́ jà nítorí ẹgbẹ̀rún méjì. Ètò kan wà tó ń jẹ́ XtraView, tó ń so dikódà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ owó oṣù kan ṣoṣo pẹ̀lú àfikún. Kí ẹ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó ra dikódà kejì.

Ọ̀nà tó rọjú jù wà, ẹni tó bá sì ti sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré rí ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wà nínú yàrá, ẹ ń wo bọ́ọ̀lù, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbá pẹ́náritì, kíá, fíìmù dé. Ẹni tó wà níwájú ló yí i. Dikódà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ohun tó bá ń wò ni gbogbo yàrá ń wò. Níhìn-ín, splitter kò lẹ́bi: dikódà ló wà ṣáájú rẹ̀, àwòrán tó ti parí ló ń pín, kò sí yàrá tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ padà. Àmọ́ kí ẹ wo ẹ̀yìn dikódà yín kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tuntun kò ní ojú RF, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ fa wáyà lọ sí àwọn yàrá mìíràn, mọ́. Àwọn bàbá wa kò ní bá èyí jà. Rediffusion tí ìjọba gbé dé Èkó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí ara ògiri tó ń fi wáyà gba ohùn kan ṣoṣo fún gbogbo ilé ni, wọ́n sì ń san owó oṣù rẹ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè tó ṣáájú "èló ni pọ́ìntì kan" ni pé: ta ló fẹ́ dá wo tirẹ̀? Bí ìyá bá ń gbé ilé náà tọdún-tọdún, dikódà tirẹ̀ kò pọ̀jù. Yàrá àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Kérésìmesì ló ń gbé wọn wálé láti Èkó tàbí Houston, ẹ fa wáyà síbẹ̀, kí ẹ sì fi owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ di December.

Ẹ dúró ti oníṣẹ́ nígbà tó bá ń ṣe ẹnu wáyà. Àárín ni bàbà wà, fóòmù funfun yí i ká, àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yí fóòmù ká, kí awọ dúdú tó bò ó. Bí ẹyọ kan nínú àwọ̀n yẹn, tí kò nípọn ju irun lọ, bá kan bàbà àárín, yàrá yẹn kò ní rí nǹkan kan. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ bàbà náà: bó bá fà á, irin tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Kò burú fún yàrá tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n bó bá gùn dé ilé ẹ̀yìn, fólítì tó ń gòkè á ti rẹ̀ kó tó dé LNB.

Bí wọn kò bá tíì rẹ́ ilé, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná ri páìpù òfìfo láti òkè àjà dé yàrá kọ̀ọ̀kan, àti láti pálọ̀ dé yàrá kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ sí ti iná. Páìpù kò wọ́n tó sìmẹ́ńtì tí wọ́n á fi dí ògiri tí wọ́n bá tún fọ́. Kó fi okùn sílẹ̀ nínú rẹ̀, torí ó lè má jẹ́ òun ló máa wá fa wáyà.