Kí Ohùn Ọkọ̀ Wa Má Baà Fọ́

Àwọn àgbà ní, bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Ìlù ni wọ́n fi pa á lówe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá ẹ̀rọ ohùn inú ọkọ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.

Awakọ̀ kan wà nínú kíláàsì àgbà wa ní ìlú Oǹdó. Ìpolówó ni ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe òkú, tàbí bí ọjà tuntun bá dé, òun ni wọn ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ kí ó kéde rẹ̀. Yóò ti Oǹdó gba Bọ́lọ́rundúró àti Ọwẹ̀nà kọjá, títí dé Àkúrẹ́. Ní Sátidé kan, ó rò pé ohùn òun kò lọ sókè tó. Ó mú sikirudiráfà, ó yí bọ́tìnnì kékeré kan lára ámpìlìfáyà dé òpin. Ariwo sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà há. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ó ń wí. Kò pẹ́, òórùn ìjóná gba inú ọkọ̀. Sípíkà méjì ti jóná! Owó iṣẹ́ ọjọ́ náà kò tó ra ẹyọ kan.

Nígbà tí ó sọ fún wa, a bi í pé, “Kí ni wọ́n kọ sí abẹ́ bọ́tìnnì náà?” Ó ní òun kò wò ó, torí pé òun kò tíì mọ̀wé kà nígbà náà. A bá a lọ sí ìdí ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kà á fún wa: GAIN. Ní apá òsì, ó ka MIN. Ní apá ọ̀tún, ó ka MAX. MIN ni ibi tí ó kéré jù. MAX ni ibi tí ó pọ̀ jù.

Kí ni iṣẹ́ GAIN?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bọ́tìnnì ariwo ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Bọ́tìnnì ariwo wà lára rédíò. GAIN ni a fi ń mú rédíò àti ámpìlìfáyà bára mu. Rédíò kan lè máa fi fóòtì 2 ránṣẹ́ sí ámpìlìfáyà, òmíràn lè máa fi fóòtì 4 ránṣẹ́. GAIN ni ó ń sọ fún ámpìlìfáyà bí ohun tí ń bọ̀ ti tó, kí ó lè gbà á bí ó ti yẹ. Kò lè fi agbára kún agbára rẹ̀. Ámpìlìfáyà oní-wáàtì 100 kò lè di oní-wáàtì 200 nítorí pé a yí GAIN.

Kí ló dé tí ohùn fi ń fọ́?

Ẹ wo ẹni tí ó ru igbá ọsàn, tí ó fẹ́ wọ ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Bí igbá náà bá kún jù, àtẹ́rígbà yóò gbá orí ọsàn dànù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ámpìlìfáyà rí. Agbára rẹ̀ ní òpin, òpin yìí sì ni àtẹ́rígbà rẹ̀. Bí a bá yí GAIN kọjá ibẹ̀, yóò gé orí ohùn. Ohùn tí a gé lórí ni etí ń gbọ́ tí a fi ń wí pé ó ti fọ́.

Kò mọ síbẹ̀. Okùn bàbà tín-ín-rín kan wà nínú sípíkà, tí wọ́n ká róbótó. Ohùn tí a gé lórí lè gbé agbára tí ó ju èyí tí sípíkà lè gbà lọ. Okùn náà yóò gbóná títí yóò fi jóná. Àwọn sípíkà kéékèèké tí ń dún ṣíṣí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kú.

Bí a ṣe ń yí i

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ìta gbangba, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí a tì, nítorí èéfín ọkọ̀ ń pani.

2. Ẹ yí GAIN sí MIN. Ẹ dá báàsì àti tírẹ́bù orí rédíò padà sí 0. Bí ẹ bá rí BASS BOOST lára ámpìlìfáyà, ẹ pa á.

3. Ẹ fi orin tí ó mọ́ kedere sí i, èyí tí etí yín mọ̀ dáadáa. Àwo Juju Music tí King Sunny Ade, ọmọ ọba Oǹdó, gbé jáde ní 1982 dára fún un, nítorí pé gìtá dún nínú rẹ̀, gángan sì dún.

4. Ẹ gbé ariwo rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí òpin rẹ̀ bá jẹ́ 40, ẹ dúró ní 30.

5. Ẹ wá yí GAIN díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ dúró. Ẹ dá a padà díẹ̀ títí ohùn yóò fi mọ́.

6. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ má gbé rédíò kọjá 30.

Ẹni tí ó ní mítà

Oníwáyà ọkọ̀ tí ó ní mítà lè fi ìṣirò ṣe é. Ẹ wo wáàtì ámpìlìfáyà, kí ẹ wo óòmù sípíkà. Àmì óòmù ni Ω. Bí ó bá jẹ́ wáàtì 100 àti óòmù 4, ẹ sọ 100 di ìlọ́po 4: ó di 400. Nọ́ńbà wo ni a fi fúnra rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí ó fi di 400? 20 ni. Fóòtì 20 ni kí mítà kà. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tú wáyà sípíkà, kí ẹ fi mítà sí ibi tí a kọ AC sí. Ohùn kan gbọọrọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ni kí ẹ lò, kì í ṣe orin. Kí wáyà méjèèjì má fara kan ara wọn o.

Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Lára páálí, wọ́n lè fi lẹ́tà gàdàgbà kọ 1000 W MAX, kí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ 100 W RMS. Ti RMS ni òótọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni kí ẹ fi ṣírò.

Bí ohùn kò bá tó lẹ́yìn gbogbo èyí, ámpìlìfáyà tí ó lágbára jù ú lọ ni kí a ra. Kí a má fi GAIN wá ohun tí kò sí.

Awakọ̀ wa ti ra sípíkà mìíràn. Ó fi ọ̀dà funfun sàmì sí GAIN rẹ̀. Nígbà tí ó tún dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ohùn rẹ̀ kò le tó ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n àwọn ìyálọ́jà gbọ́ orúkọ olóòkú, wọ́n sì gbọ́ ọjọ́ ìsìnkú. Ohun tí wọ́n san owó fún nìyẹn, àbí?

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ MIN àti MAX?
2. Bí òpin rédíò yín bá jẹ́ 60, nọ́ńbà wo ni ẹ ó dúró sí?
3. Ẹ ka ohun tí a kọ sára ámpìlìfáyà kan. Wáàtì RMS rẹ̀ jẹ́ mélòó?