"Excision Ti Wà Lọ́nà": Ẹ Má Tíì Sanwó Ilẹ̀ Yẹn O!

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ bá ń rìn kiri l'Ékòó, ẹ ó máa rí i lára ògiri, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn 419. Onílé jókòó sínú ilé, ó ń jẹ àmàlà rẹ̀, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń já kí ẹnìkan má baà lọ ta ilé mọ́ ọn lórí! Àwọn mìíràn a kọ "Caveat Emptor". Èyí tiẹ̀ burú jù, ìjà tàbí ẹjọ́ sábà máa ń wà nídìí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí lára ògiri ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aṣọ ló ń tà. Ó kó owó àjọ, ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Èjẹ́ǹtì ní, "Màdáámù, ẹ má fòyà, excision rẹ̀ ti wà lọ́nà." Ó dùn létí, àbí?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ l'Ékòó ni ìjọba sì ti gbẹ́sẹ̀ lé. Bí ẹbí onílẹ̀ bá bẹ̀bẹ̀, ìjọba lè yọ díẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Yíyọ yìí ni excision. Tó bá ti wọ inú ìwé gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, ó parí. Èyí tó "wà lọ́nà" kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ, ìjọba sì lè kọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní "committed" ńkọ́? Ìjọba ti ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ sá fún un!

C of O ló gbayì jù, ọdún 99 ni wọ́n sábà ń fúnni. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń tà á bá ní in, orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀ o. Àfi kí gómìnà fọwọ́ sí títà náà. Fọ́tókọ́pì lásán kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Lọ́yà kan ló yọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kó gba ìwé sọ́féè, kí awọnlẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí máàpù ìjọba. Èsì dé: committed! Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n bó ṣe ń ká ìwé náà padà.

Owó rẹ̀ ṣì wà ní báńkì. Èjẹ́ǹtì yẹn kò tíì yé fóònù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun tún ti rí òmíràn, pé gásẹ́ẹ̀tì gidi ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó kọ́kọ́ mú ìwé sọ́féè wá ná.